Ìmeèlì Tó Padà Wá Bá Cecilia

Láti ọjọ́ tí Reuben ọkọ rẹ̀ ti kú ni ẹ̀rù ìmeèlì ti ń ba Cecilia, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ìmeèlì náà ló ń bọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ìkòsì kò ju kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fótókópì kan àti bẹ́ǹṣì oníbàárà lọ. Pírámárì mẹ́fà péré ló kà. Àmọ́ bí lẹ́tà bá lọ tó padà, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára nọ́ńbà tó bá gbé wá.

Nígbà tí àìsàn dá Reuben gúnlẹ̀, Cecilia fúnra rẹ̀ ló fi ìmeèlì fi ìwé dókítà ránṣẹ́ sí ọsibítù tó fẹ́ gbà á. Lẹ́tà kan padà wá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣebí ìdáhùn ni, inú wọn dùn, wọ́n ń retí ìpè. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni Kúnbi ọmọ wọn tó ṣí i: 552. Àpótí ọsibítù ti kún, ìwé náà kò wọlé rárá.

Kúnbi sunkún tán, ó kọ́ ìyá rẹ̀ ní ìtumọ̀ àwọn nọ́ńbà tí ìmeèlì ń gbé padà. Bí méjì bá ṣíwájú nọ́ńbà, ó ti wọlé. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, onílé ní kó o ní sùúrù, ẹ̀rọ á tún un gbé lọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún, wọ́n kọ̀ ọ́ nìyẹn. Má dúró, wá ọ̀nà mìíràn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, Rùfáì tó ń jó irin ní Owódé gbé ìwé àyẹ̀wò ọkàn Nimat ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bí ìwé náà kò bá dé ọsibítù kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gba ẹlòmíràn. Aago mẹ́wàá ni Cecilia fi í ránṣẹ́. Ohun tó padà wá ni 451.

Ó mọ̀ pé sùúrù ni. Ṣùgbọ́n ní agboolé tí wọ́n ti tọ́ ọ n'Íjẹ̀bú, ẹni tó bá kágò tí ilé dákẹ́, á tún un ká ni. Ó tún un rán. Ojú Reuben ń yọ sí i nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó tún un rán. Ní ẹ̀ẹ̀keje, 550 dé: lẹ́tà ti pọ̀ jù, wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Rùfáì bi í bóyá ó ti lọ.

“Kò lọ. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo ti kan ilẹ̀kùn wọn jù.”

“Mummy, ọmọ mi kan ṣoṣo nìyẹn o.”

“Mo mọ̀. Gbé fóònù rẹ wá.”

Ó ya ìwé náà ní fọ́tò, ó fi àdírẹ́sì ìmeèlì Rùfáì rán an, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ló jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n má baà tún tẹ nǹkan kan.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù nígbà tí ọsibítù pe Rùfáì. Nọ́ọ̀sì ní kó máa gbé ọmọ bọ̀. Ó ní ẹ̀dà méjì ló dé ọwọ́ àwọn. Èyí àkọ́kọ́, tó wá láti ṣọ́ọ̀bù, ti wọlé láti aago mẹ́wàá ààbọ̀.

Rùfáì ti sáré jáde. Cecilia ṣì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó yọ wọ́n.