Ṣàíbù Oníkẹ̀kẹ́ àti Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìgàndo

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2013, kẹ̀kẹ́ ológeere kan sáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Ìgàndo fún mítà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún láìdúró, ó sì forí sọ ògiri ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Mo fi okùn wọn ọ̀nà náà fúnra mi, nítorí pé kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé ó ju ìdajì máìlì lọ. Irọ́ ni. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, òun kọ́ ló sì burú jù.

Abraham ló wà lórí kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Egungun itan rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́, kò sì mọ ibi tí ó wà fún ọjọ́ méjì. Ṣàíbù ló to kẹ̀kẹ́ náà. Ìtàn Ṣàíbù ni mo ń kọ, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ti sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ó dé Èkó ní ọdún 1989, ó kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ará Ìbàdàn, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Command. Láti ìgbà tí ó ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù ni ó ti wà lábẹ́ páànù olópòó mẹ́rin níwájú ilé Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní Ìgàndo. Ìdílé Alàgbà ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí títì tó dé. Ṣàíbù kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gbà á síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ló sì lè lé e kúrò.

Ẹ̀rù ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá de nọ́ọ̀tì tán, á rìn lọ, á padà, á tún fi sípánà tọ́ ọ wò. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí ó tò tí kì í kọ́kọ́ gùn fúnra rẹ̀ dé Ìkòtún kí ó tó fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí olówó bá sì wá gbé e, Ṣàíbù á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e dé oríta, á tẹ́tí bóyá nǹkan kan ń dún tí kò yẹ kó dún. Kafilat ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ó gbádùn.

"Bàbá Mùnírátù, ìyá ìyàwó gan-an kì í sin ọmọ dé ibi tí ẹ̀yin ń sin kẹ̀kẹ́ dé."

"Ìyá ìyàwó mọ̀ pé ọmọ òun lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Èyí kò ní bíréèkì kankan àfi èyí tí mo fún un."

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni Abraham wá bá a. Wọ́n ti lé àwọn ọlọ́kadà kúrò lójú títì ńlá, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn láti inú àdúgbò jáde sí ibùdókọ̀, ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Ọ̀gá ilé-ìwé ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ méjì nítorí pípẹ́dé. Ẹ̀kẹta, ilé ni.

"Ẹ̀gbọ́n, oní-gíà mọ́kànlélógún ni mo fẹ́ o."

"Mọ́kànlélógún? Òkè Olúmọ lo fẹ́ máa gùn lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre."

"N kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹrẹ̀ ibí yìí á jẹ ogún nínú rẹ̀ kí Kérésì tó dé. Ẹyọ kan tí ó máa ṣẹ́ kù yẹn, òun ni màá kúkú fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Ó yọ férémù kan láàárín òkìtì tòkunbọ̀, ó fi sípánà lù ú láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó ń gbọ́ bóyá ó ti sán níbì kan. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sí iwájú, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní líle gbagidi, torí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn jẹ́ ohun mìíràn tí yóò bàjẹ́. Ó wọ táyà onítẹ̀ gbàgì-gbàgì sí i. Ó yọ apá gíà tí ń so rọ̀ nídìí táyà ẹ̀yìn dànù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé: férémù náà kò gba kí wọ́n fa táyà sẹ́yìn kí ṣéènì lè le, ṣéènì tí ó bá sì dẹ̀, yóò yọ, yóò já èèyàn sílẹ̀ láàárín mọ́tò. Ṣàíbù gbìyànjú irin eléyín mẹ́rìndínlógún tí ṣéènì ń rìn lé, ó dẹ̀. Ó gbìyànjú mẹ́tàdínlógún, kò wọlé. Ó dé orí méjìdínlógún, ó gé ṣéènì, ó tún un so, ó sì le láìsí ohun kankan tí ó dì í mú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà. Bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ti onídísìkì, níwájú àti lẹ́yìn: awo irin pẹlẹbẹ kan nídìí táyà, páàdì méjì tí yóò há a mọ́ àárín bí èèyàn bá fún bíréèkì lọ́wọ́. Ìgbà méje ni Ṣàíbù gùn ún sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gan-an. Ìgbà méje ló dúró níbi tí ó fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Abraham wá gbé e, òun àti ìyá rẹ̀, Agnes, opó tí kò ní ọmọ mìíràn. Obìnrin náà rìn yí kẹ̀kẹ́ náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Mùnírátù, ẹ ṣeun o. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí. Ṣé mo lè fi òróró pa á lára, kí n gbàdúrà sí i?"

"Kí ló dé, mà? Irin kì í kọ òróró. Òróró ni oúnjẹ rẹ̀."

Ṣéènì ló wà lọ́kàn Ṣàíbù. Ó sọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ìjókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Agnes mú ìgò òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ta á sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, sórí ìjókòó, sára táyà méjèèjì. Ó rí awo irin méjì tí ń dán nídìí táyà, ó sì fi ìka mẹ́ta pa wọ́n yípo, níwájú àti lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ Jésù. Abraham ṣe àmín. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Ṣàíbù ní Kò-Dúró.

Ó lọ sí ọsibítù. Agnes rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbàgbé pé òun ń pè é ní Bàbá Mùnírátù rí.

"Ìwọ! Kí lo fi sínú kẹ̀kẹ́ yẹn? Ọmọ kan ṣoṣo! Kí ni mo ṣe ọ́?"

Ṣàíbù fà sẹ́yìn. Ó jókòó sórí pèpéle níta. Kò mọ̀ bóyá Abraham yóò jí. Ó ń fi ìka ka iṣẹ́ tí ó ṣe: wáyà bíréèkì iwájú, mo dè é, wáyà ẹ̀yìn, mo dè é, páàdì, mo wò ó. Ó kà á títí tí kò fi dá a lójú mọ́. Ẹni tí ó bá ka ohun kan nígbà ọgọ́rùn-ún kò ní mọ èyí tí ó ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ó rò pé òun ṣe.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Abraham lajú, ó sì béèrè omi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan náà, Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí òun àti Agnes jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pe Ṣàíbù síta.

"Ṣàíbù, mo fún ọ di Fúráìdé. Èmi kò lè máa wo ojú ìyá yẹn kí ìwọ sì wà níwájú ilé mi. Kó irin rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọdún méjìdínlógún rèé."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Fúráìdé."

Kẹ̀kẹ́ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni Ṣàíbù fi kọ̀ láti lọ wò ó. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ níbi yìí. Ẹ̀rù ló bà á pé òun lè bá nọ́ọ̀tì kan tí ó tú, kí ó wá di òótọ́. Kafilat ló lé e jáde nílé ní Tọ́sìdeè.

"Ẹ lọ wò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí, ikú ni."

Ó lọ. Wáyà méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n le. Nọ́ọ̀tì kankan kò tú. Páàdì pé. Ó fi àtàńpàkò tọ́ dísìkì ẹ̀yìn, àtàńpàkò náà sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀: òróró ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wẹ́dà. Ohun tí ó rántí ni ohun tí òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: òróró ni oúnjẹ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Fúráìdé, kí ó tó kó irin rẹ̀, ó bẹ Alàgbà kí ó bá òun pe Agnes. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló pé síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo kà wọ́n. Ṣàíbù gbé kẹ̀kẹ́ náà, tí ó ti gbé wá láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà, dojúdé. Táyà iwájú ti tẹ̀, ẹ̀yìn ló lò. Ó fi pépà tí wọ́n fi ń họ irin họ dísìkì náà, ó fi sípírítì nù ún, ó fi páàdì tuntun sí i. Nọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín: "Kò-Dúró fẹ́ dúró o!"

Ó yí táyà náà, ó ń sáré yìì. "Alàgbà, ẹ fún bíréèkì."

Alàgbà fún un. Táyà dúró lójú kan náà. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Mà," Ṣàíbù wí, kò wo ojú Agnes, "òróró tí ẹ lò lọ́jọ́ náà, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pa á níbi tí ẹ ti fi pa á."

Ìgò náà wà nínú báàgì rẹ̀. Kì í jáde láìmú un dání. Ó fi ìka mẹ́ta pa á yípo. Ṣàíbù yí táyà. Alàgbà fún bíréèkì, ó tún fi ọwọ́ kejì kún un, ó fún un títí iṣan fi yọ lọ́rùn rẹ̀. Táyà náà ń yí lọ.

Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èmi ni?" Agnes béèrè.

"Èmi pẹ̀lú yín ni, mà. Ẹ bi mí léèrè, n kò sì dá yín lóhùn bó ṣe yẹ."

"Ṣé wọ́n máa sọ fún Abraham?"

Alàgbà ló dáhùn. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó ní: "Kí ọ̀rọ̀ yìí má kọjá ibí. Ìyá yìí ti jìyà tó. Ṣàíbù, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." Gbogbo wọn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pè é ní àánú. Láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn mẹ́rìnlá fi orúkọ ọkùnrin kan ra àlàáfíà obìnrin kan, wọn kò sì bi ọkùnrin náà bóyá ó fẹ́ tà á.

Ṣàíbù ṣì wà lábẹ́ páànù rẹ̀. Ó ti di ọdún méjì. Kò tíì to kẹ̀kẹ́ mìíràn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbé e wá. Ọwọ́ tí ó mọ bí ṣéènì ṣe ń le láìsí ìrànlọ́wọ́ ń lẹ tíúbù. Abraham ń fi ọ̀pá rìn. Ilé-ìwé ti gba ẹlòmíràn. Lọ́dún tó kọjá, ó dúró níwájú Ṣàíbù, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ṣe bíréèkì mi?"

Kafilat gbọ́ ìdáhùn náà, òun ló sì sọ ọ́ fún mi. Ṣàíbù ní: "Àbúrò, n kò mọ̀."

Wọ́n ní kí a má sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́. Bí Agnes bá sunkún, ó ní ohun tí ó ń sunkún lé lórí, ọmọ rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ṣe òun lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń ka èyí, tí o ti kọjá níbẹ̀ tí o sì pe ọkùnrin yìí ní Kò-Dúró, tàbí tí o gbọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ tí o sì dákẹ́: dìde lónìí, ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe ìgbà tí títì bá dá páropáro. Lọ síwájú ilé Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́. Pe Ṣàíbù ní orúkọ rẹ̀, kí ohùn rẹ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí wẹ́dà yóò fi gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí o sì sọ pé bíréèkì tí ó ṣe dúró.