Kànga Ìyá Rónkẹ́

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àrínọlá, ìyá Rónkẹ́, ti ń fa omi nínú kànga iwájú ilé rẹ̀ ní Múṣin, èjìká rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n lára. Òun àti Ọláìtán ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbẹ́ ẹ lẹ́yìn tí wọ́n dé láti Ògbómọ̀ṣọ́: ọkọ ń gbẹ́, ìyàwó ń ru yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, òun nìkan ló kù tó ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń fọ etí kànga láràárọ̀, òun ló ń fi páànù dé e kí ewé má bàa kó sí i, òun náà ló ju ẹja àrọ̀ kan sínú rẹ̀ kó máa jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Omi ẹ̀rọ kì í yọ ládùúgbò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí náà ilé méjìlá ló ń pọnmi níbẹ̀. Obìnrin ni gbogbo àwọn tó ń pọn ọ́n. Ọkùnrin kì í débẹ̀, àfi ẹni tó bá fẹ́ fọ mọ́tò.

Lọ́dún 1975, agbépòó tó ń kó ìgbẹ́ àdúgbò ò wá mọ́. Ẹgbẹ́ onílé bá ní kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá ńlá kan tí gbogbo ènìyàn á máa lò. Wọ́n wọ̀tún, wọ́n wòsì, igun ilẹ̀ tó ṣófo nítòsí kànga Àrínọlá lojú wọn bà lé. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Àrínọlá mọ̀ pé iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, àti pé apá kànga ni omi abẹ́ rẹ̀ ń wọ́ lọ. Nígbà kan tí ẹnìkan da kẹrosíìnì síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ọbẹ̀ àdúgbò fi ń rùn ún.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a sọ ọ́? Òfin ẹgbẹ́ ni pé obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Onílé ni Àrínọlá lóòótọ́, ó sì ń lọ sípàdé ní Sọ́ńdè, àmọ́ omi àti obì ló ń gbé lọ. Àkàngbé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń jókòó fún ilé náà. Ìjọ́rà ni Àkàngbé ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí. Ọmọ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ ni nígbà tí Àrínọlá wọlé ọkọ, síbẹ̀ ó ń kúnlẹ̀ kí i, "ọkọ mi" ló sì ń pè é.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé omi ibẹ̀ ń wọ kànga. Ìsàlẹ̀ àdúgbò ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí."

"Ìyá Rónkẹ́, fọkàn balẹ̀. Ṣé mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni?"

Ó mọ̀ ọ́n sọ. Nípàdé ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n yìn ín, wọ́n fi í ṣe igbákejì alága, orí rẹ̀ sì wú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá dé, ó ní, "Bí ẹ̀yin àgbà bá ti wí ni." Ó bu ọwọ́ lù ú. Àrínọlá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tíréè, ó ń pín kọ́ọ̀pù omi lọ.

Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, àwọn lébìrà ti gbẹ́ kòtò náà dé àyà. Àrínọlá dúró létí rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Kéèyàn mọ nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má bi í, iṣẹ́ ńlá ni. Òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn lébìrà lọ sílé. Ó bá pe Ìdíátù, ayálégbé rẹ̀. Wọ́n fi agbọ̀n gbé ẹja àrọ̀ jáde sínú agbada omi, wọ́n ru odidi àpò iyọ̀ kan, wọ́n dà á sínú kòtò. Wọ́n lọ bá àwọn obìnrin ilé méjèèjìlá pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lọ́nà Yábàá ni gbogbo wọn ń ru korobá lọ, tí ọrùn ń ro wọ́n. Àwọn ọkọ wọn ò béèrè ibi tí omi ti ń wá, àwọn náà ò sì sọ.

Ní Sọ́ńdè, Àrínọlá fa omi, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e lọ sípàdé. Bàbá Ọlápàdé, alága, ló kọ́kọ́ mu. Ó tu ú dànù.

"Kí lẹ fi sómi yìí? Iyọ̀ kọ́ lèyí?"

Àrínọlá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò fi nǹkan kan sómi. Inú kòtò yín ni mo da iyọ̀ sí ní Ọjọ́rú, òun ló dé inú kànga yìí. Iyọ̀ lèmi dà. Ẹ̀yin fẹ́ da ìgbẹ́."

Ẹnìkan rọra gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ sábẹ́ àga. Ẹlòmíràn ní obìnrin ti sọ̀rọ̀ nípàdé. Bàbá Ọlápàdé nu ẹnu, ó ní kí wọ́n dí kòtò náà, kí wọ́n lọ gbẹ́ òmíràn nísàlẹ̀ àdúgbò.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbá Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé, igbákejì alága, ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n tún fi í ṣe olórí ọ̀rọ̀ omi. Àrínọlá fọ kọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ìdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n kànga, ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí iyọ̀ tó tán, kí wọ́n tó dá ẹja padà.

Ní Sátidé, Àkàngbé dé láti Ìjọ́rà nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ìyá Rónkẹ́, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí omi lọ́la. Kí ni kí n sọ?"

Àgbá méjì ló wà níwájú Àrínọlá tí kò tíì kún. Ó na okùn sí i.

"Ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ bá mi fa ti àgbá yìí ná."

Àkàngbé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín, ó gba okùn. Ní korobá karùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì ti tutù. Ní ìkẹwàá, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n. Àrínọlá jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó láti òwúrọ̀.

"Mo ti fà á. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó wúwo," Àrínọlá dáhùn. "Àgbá kejì ló kù yẹn."