Àwọn Òkúta Inú Omi Àbúrò Mi

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin kú, ẹbí pín aṣọ àti bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ àpótí gíláàsì tó fi ń sin ẹja òkun. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá fún mi láti Ladi-Lak sí Ṣómólú, nítorí ẹja kan ṣoṣo ṣì kù láàyè nínú rẹ̀, ẹja kékeré pupa bí ọsàn, tó ní ìlà funfun lára. Màmá wa, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi, ò béèrè ẹrù mìíràn.

"Ẹja ọmọ mi ńkọ́?" ni wọ́n máa ń bi mí láràárọ̀.

Mo fi ẹja náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi rẹ̀ àtijọ́, mo sì fi ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo wá kọjú sí àpótí. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ gíláàsì bí ẹfun. Àbúrò mi ti sọ fún mi rí pé ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án, nítorí náà fínígà ni mo fi rẹ ẹ́, tí mo ń fi ike pẹlẹbẹ họ ọ́. Mo tú ẹ̀rọ tó ń yí omi po, mo họ iyọ̀ inú rẹ̀ títí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fi yí. Igun kan ń jò. Mo gé gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun dí i.

Àwọn òkúta inú omi náà ló ṣe pàtàkì jù. Àbúrò mi máa ń sọ pé wọ́n láàyè. Ohun tí ojú ò lè rí ń gbé lára wọn, òun ló ń jẹ ìdọ̀tí ẹja kí omi má bàa di májèlé. Mo fi wọ́n sínú ọpọ́n omi òkun ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì lọ wá omi mìíràn.

Omi ọ̀sà kò níyọ̀ tó. Apẹja kan ní etí omi Bàrígà ló máa ń bu omi ojú òkun wá fún àbúrò mi.

"Àǹtí, àbúrò yín yọ mí lẹ́nu o," ló wí. "Á ní àfi omi ọ̀nà jíjìn. Mo ní ṣé ọba lẹja ẹ̀ ni? Òun gan-an dà?"

Mo sọ fún un. Ó ṣí fìlà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi náà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá fún mi.

Nígbà tí mo délé, Màmá jókòó sídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé. Àwọn òkúta náà wà lórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n funfun báláú, wọ́n ń rùn fún ọṣẹ àti bílíìṣì.

"Wò wọ́n," ni Màmá wí. "Ẹrù olóògbé, o fẹ́ lò ó láìfọ̀? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?" Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró. "Wọ́n ní ìyá kì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Èyí ni mo rí ṣe fún un."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Wọ́n mọ́."

Mo ṣan àwọn òkúta náà títí òórùn fi lọ, mo kó wọn sínú àpótí, mo da omi sí i, mo tan ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì dá ẹja náà padà sínú rẹ̀. Ẹja náà lúwẹ̀ẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ omi díẹ̀. Ẹja náà kọ oúnjẹ, ó ń mí kíákíá, nígbà tó yá ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo sin ín sídìí ìbẹ́pẹ nígbà tí Màmá ń wẹ̀.

Wọ́n jáde, wọ́n jókòó síwájú gíláàsì. Omi náà mọ́ gaara.

"Kò jáde lónìí."

"Ó wà lẹ́yìn òkúta, Màmá."

Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ibo lo sin ín sí?"

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Má fi ibẹ̀ hàn mí," ni wọ́n wí. "Má sì pa ẹ̀rọ yẹn."