Wọ́n Kọ Ọ́ Sínú Fáìlì Pé Mo Ti Kú

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo kó lọ sí ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì ní Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ náà, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé ọ̀kankan. Èkíní, owó ìfẹ̀yìntì mi kò wọlé fún oṣù méjì. Owó yẹn ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ni kò jẹ́ kí n nawọ́ sí ọmọ kankan. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé sọ fún mi. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé mo ti kú. Èmi tí mo ṣe akọ̀wé àgbà nínú ọ́fíìsì yẹn kan náà.

Nígbà tí wọ́n ń pa mí nínú fáìlì, ọmọ mi obìnrin ló bímọ ní Ajíbọ́dé, mo lọ ń bá a wẹ ọmọ. Ọjọ́ àyẹ̀wò bọ́ sí àárín rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì máa ń lọ fi ara wa hàn pé a ṣì wà láyé. Ìyá wo ló máa fi ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ sílẹ̀ nítorí ìyẹn?

Dèjì ni mo bá nídìí tábìlì. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo bi í bóyá òkú ló ń kí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rí i pé mo wà láyé, ṣùgbọ́n kí n lọ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí àlùfáà ìjọ mi.

"Dèjì, ojú rẹ rèé, ojú mi rèé. Lẹ́tà kí ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ojú kì í ṣe ìwé."

Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Nígbà ayé iṣẹ́ mi, ọkùnrin kan dé fìlà bàbá rẹ̀, ó fi awò dúdú sójú, ó ń wúkọ́ bí arúgbó, ó sì ń gba owó bàbá tí wọ́n ti sin. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kọ òfin náà: ẹni tí kò bá yọjú, kí á kà á sí òkú, bó bá padà wá, kó mú lẹ́tà ẹlẹ́rìí dání. Ọ̀gá wa gbóríyìn fún mi. N kò rántí pé ìyá ìkókó máa ń nílò ìyá tirẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà padà sí Lálúpọn. Àlùfáà wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ jíǹde ni, àbí pé ẹ ò kú rárá?"

"Ẹ kọ ọ́ pé n kò kú, sà. Ti àjíǹde yẹn, wọ́n á tún ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá."

Dèjì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ òǹtẹ̀ ìjọ wò, ó wo déètì. Inú ń bí mi, orí mi sì ń wú: kò fo ohun kan. Kí n tó dìde, mo ní kó fi gbólóhùn kan kún òfin mi, pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò bá yọjú. Ó kọ ọ́, ó sì gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Owó mi wọlé lóṣù náà.

Ní àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò lè lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akọ̀wé kan tí n kò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá wò bóyá ìyá ṣì wà láyé. Mo ní kó kọ́kọ́ mú káàdì iṣẹ́ rẹ̀ jáde kí n tó dá a lóhùn.