Ọ̀gá Mi Wá Bẹ̀ Mí Kí Ààwẹ̀ Tó Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró káàkiri Houston, ọ̀gá mi lọ́fíìsì jágbe mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. Júù ni, ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Àṣìṣe kan wà nínú àwòrán páìpù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, ó ní èmi ni mo ṣe é. Èmi kọ́. Mo dákẹ́, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó ṣe, lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn apartment mi ní Westchase. Màmá mi, tó wá kí mi láti ilé, ló ṣí i. Ọ̀gá mi ló dúró síbẹ̀, tó wọ kóòtù nínú ooru. Mo rò pé ó wá dá mi dúró ni.

Kò jókòó. Ó ní, "Ààwẹ̀ wa máa bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá wọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ Ọlọ́run, mo lè bẹ Ọlọ́run. Èyí tí mo ṣẹ̀ ọ́, ìwọ ni mo gbọ́dọ̀ bẹ̀. Àṣìṣe yẹn kì í ṣe tìrẹ. Tèmi ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Ó di àyà mú. "Àgbàlagbà báyìí ló wá bẹ ọ? Ṣe kíá, dá wọn lóhùn."

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ya èmi gan-an lẹ́nu. "Sà, gbangba lẹ ti dójú tì mí, kọ̀rọ̀ lẹ wá ti ń bẹ̀ mí."

Ó wolẹ̀. "Òótọ́ lo sọ," ó sì lọ.

Màmá mi ní kí n túmọ̀ ohun tí mo sọ; nígbà tó gbọ́ ọ, ó wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kejì, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Aládùúrà ni, ó ti ka nípa Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ ààwẹ̀ àwọn Júù, nínú Bíbélì, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣì ń pa á mọ́. "Mò ń bá bàbá yẹn gbààwẹ̀ ni. Mo sì ń fi bẹ Ọlọ́run nítorí ẹnu rẹ."

Láàárọ̀ Tuesday, ọ̀gá mi pe gbogbo wa jọ. Ó ní òun lòun ṣe àṣìṣe yẹn, òun parọ́ mọ́ mi, òun sì ń tọrọ àforíjì. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé Amẹ́ríkà la wà. "Ó ti tán nínú mi, sà."

Kérésìmesì ò tíì dé tí wọ́n fi dá ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn ló fà á. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, tó ti padà sílé, lórí fóònù, ó ní, "Lọ́la, èmi àti ìwọ la máa gbààwẹ̀ fún bàbá yẹn."