Ọ̀nà Ẹ̀yìn Lọ sí Ìkómọjáde

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni àbúrò mi obìnrin bímọ ní Ọ̀fà. Èmi wà ní Lómé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní àdúgbò Bè, níbi tí mo ti ń jí lọ sí pọ́ọ̀tù láti máa tẹ ìwé ẹrù. Nígbà tí ìròyìn náà dé, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún àfi ìyá onílé. Ó kí mi kú oríire, “Félicitations,” ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Bàbá wa ti kú. Èmi ni àkọ́bí, torí náà orúkọ tí bàbá ì bá sọ ọmọ náà, ọwọ́ mi ló bọ́ sí. Láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù márùn-ún ni mo ti ní orúkọ náà nínú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí a kì í sọ ọmọ lórúkọ kí a tó bí i. Mo fẹ́ kí wọ́n pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n sì sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ nìyẹn.

Ní Sátidé, gúrúùpù ẹbí wa dákẹ́ lórí fóònù mi. Mo kọ́kọ́ rò pé dátà mi ló tán, ó sì ku díẹ̀ kí n bá ẹni tó tà á fún mi jà. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ìwọ́de ń bẹ nígboro Lómé, pé ìjọba ti dí ọ̀nà tí a ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa. Gbogbo nǹkan yòókù ń ṣiṣẹ́. Mo lè ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ ohùn ìyá mi.

Mi ò ní purọ́: ìpè lásán ń lọ, kírẹ́díìtì sì wà. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n pè. Nílé wa, àwọn ọmọ ló ń wá bèèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà. Àgbà kì í gbé orúkọ kiri bí ẹni ń kiri ọjà. Mo ní tí wọn ò bá gbúròó mi fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, wọn á pè mí. Mo ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ní Mọ́ńdè, mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e wọ ilé ìwẹ̀. Kò dún. Àárò wọn ń sọ mí, inú wọn sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ gan-an ni mo tó fi ìgbéraga sílẹ̀. Mo pe àbúrò mi láti ibi iṣẹ́, kò gbé e. Mo pe ìyá mi, kò gbé e. Obìnrin Nàgó kan, ará Kétu, tí a jọ ń tẹ ìwé, wá yíjú sí mi.

“Fòfó, ça va? Kí ló ń ṣe yín?” Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin níbí nìyẹn.

Mo ní wọn ò jẹ́ kí n rí àwọn èèyàn mi láti Sátidé.

“Ẹ ò ní VPN ni? Tout le monde, gbogbo ayé ló ní i. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Fòfó.”

Ó ní ṣé mo mọ ihò òkété. Tí wọ́n bá dí ẹnu rẹ̀, ẹ̀yìn ni òkété ń gbà jáde. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti tèmi, ó ta VPN náà sí mi. Ojú tì mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti jókòó ti ilẹ̀kùn tí gbogbo ìlú ti fi sílẹ̀ gba ẹ̀yìn.

VPN ní kí n yan orílẹ̀-èdè tí mo fẹ́ gbà kọjá. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Mo tẹ ilẹ̀ òyìnbó kan tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, fóònù mi sì gbà pé ibẹ̀ ni mo wà, ó ń polówó ẹ̀wù òtútù fún mi, bẹ́ẹ̀ mo ń làágùn. Mo ṣí gúrúùpù ẹbí wa, mo sáré gba ohùn mi sílẹ̀, mo sọ orúkọ náà pẹ̀lú àdúrà tí bàbá wa máa ń ṣe. Kí n tó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ ya wọlé.

Mo ń wá ibi tí wọ́n ti bèèrè mi. Wọ́n bèèrè ẹni tó máa kó àga wá. Wọ́n bèèrè ẹran. Mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè mi.

Wọ́n ti kó ọmọ jáde. Nínú fídíò, àbúrò bàbá wa gbé e dání, ó sọ orúkọ tí òun fún ọmọ náà, ó sọ èyí tí ìyá wa fún un, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó wà ní Lómé ní kí a máa pè ọ́ ní…” Ó dárúkọ kan tí kò tẹnu mi jáde rí. Gbogbo wọn pè é tayọ̀tayọ̀. Lábẹ́ fídíò náà, àbúrò mi kọ ọ́ pé, “Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ yín ló dùn jù.” Àwọn mẹ́ta mìíràn bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pa ohùn tí mo gbà sílẹ̀ rẹ́. Mo wá kọ ọ́ sí wọn pé inú mi dùn pé orúkọ tí mo sọ ọmọ náà tẹ́ wọn lọ́rùn.