Ọtí Dúdú Tí Bàbá Ìjọ Gbàdúrà Lé

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹni tí wọ́n fi sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ tó.

Tíṣà kẹ́mísírì ni mí ní Jọ́ọ̀sì nígbà náà, mo ń gbé ní Du, ìlú àwọn Bírọ́ọ̀mù lẹ́bàá ibẹ̀. Obìnrin Bírọ́ọ̀mù kan ni aládùúgbò mi. Ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, bẹ́ẹ̀ ọkà bàbà tó rẹ fún bùrùkútù, ọtí ìbílẹ̀ tó ń tà, ti hu. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò bàjẹ́. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo bá a pọn ọtí náà tán. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa kọjá, ó rí mi nídìí ìkòkò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde, ó fi Yorùbá tó dán mọ́rán kéde pé wọ́n ti fi mí sábẹ́ ìbáwí. N kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni kí n sì máa jókòó, títí n ó fi kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ìjọ.

N kò kúnlẹ̀. Kí ni n bá jẹ́wọ́? Pé mo ran aládùúgbò mi lọ́wọ́?

Ọkùnrin náà ti di Bàbá Ìjọ báyìí. Àwọn tí wọ́n jọ pa ìmọ̀ pọ̀ ti kú, òun nìkan ló kù tó lè mú ìbáwí náà kúrò. Bí mo bá sì kú sábẹ́ rẹ̀, wọn kò ní gbé òkú mi wọ ilé ìsìn. Èmi ọmọ Èkìtì, kí wọ́n sin mí bí ẹni tó jalè!

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo kọ́ ọmọ náà ní kẹ́mísírì. Ó ti fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ó ń pọn bíà nínú ọgbà bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwa àgbà tọ́ ọ wò kó tó gbé e lọ síta.

Ó bu ọtí sí gíláàsì. Bàbá Ìjọ dìde, ó ní ká dijú. Ó gbàdúrà lé ọtí! Ó súre fún ọwọ́ tó pọn ọ́n. Èmi la ojú mi sílẹ̀ gbàgàdà.

Ọtí náà dúdú bí omi aró. Ìkorò ló kọ́kọ́ dé ahọ́n, bí ewúro tí wọn kò fọ̀ dáadáa. Ọmọ náà ní òdòdó òkè òkun kan tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù ló fún un níyẹn. Lẹ́yìn náà ni igi dé. Ó ní òun yan ègé igi óákù lórí iná, òun kó o sínú àgbá, ọtí sì bá a gbé fún oṣù púpọ̀. Òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bẹ́ńṣì ẹ̀yìn nígbà òjò: igi gbígbó, pólíìṣì àti eruku.

"Igi iyì ni óákù o," Bàbá Ìjọ wí, ó ń lá ètè. "Abẹ́ rẹ̀ làwọn baba ńlá ìgbàgbọ́ máa ń jókòó."

"Wọ́n jókòó lábẹ́ rẹ̀ ni," mo ní. "Wọn ò kó o sínú ọtí."

Ìyàwó Bàbá Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo tún tọ́ ọ wò. Lábẹ́ ìkorò, lábẹ́ igi, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kan díẹ̀, tí ahọ́n mi mọ̀.

"Ọkà wo lo lò?" mo bi ọmọ náà.

"Ọkà bàbà ni, Mọ́mì. Mo rẹ ẹ́, mo jẹ́ kó hu, mo sá a. Bíi ti bùrùkútù gan-an."

Gíláàsì Bàbá Ìjọ dúró láàárín tábìlì àti ẹnu.

"Bàbá Ìjọ, ẹ ti gbọ́," mo ní. "Ìbáwí mi ńkọ́?"

"Háàbà, Ìyá Tíṣà! Ẹ ṣì ń rántí ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. "To, a yi hàkúrí."

A yi hàkúrí! Ohun tí èèyàn ń sọ lọ́jà tó bá tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀!

"Rárá o," mo ní. "Yorùbá lẹ fi dá mi lẹ́jọ́, lójú gbogbo ìjọ. Ẹ má fi Haúsá ọjà bẹ̀ mí nídìí ọtí."

"Ọtí yìí yàtọ̀ sí tiyín," ó kùn. "Inú igbá ni tiyín."

"Ṣé igbá ló dẹ́ṣẹ̀ nígbà náà?"

Ọmọ rẹ̀ yíjú sí i. "Bàbá, ṣé torí bùrùkútù ni Mọ́mì fi ń jókòó lẹ́yìn látìgbà tí mo ti gbọ́njú?"

Bàbá Ìjọ gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà yọ́ ohùn bi mí bí ọtí ṣe rí.

"Ó dára," mo ní, òótọ́ sì ni. "Ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó máa bú ìkorò."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo lọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó sún fún mi. Nígbà tí wọ́n gbé àwo dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó gbé e wo ojú Bàbá Ìjọ. Ọmọ rẹ̀ náà ń wò ó. Bàbá Ìjọ mi orí lẹ́ẹ̀kan bí alángbá. Mo mú, mo jẹ.

Ṣùgbọ́n orí mímì kì í ṣe ìkéde. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo ti sọ fún ìyàwó rẹ̀: títí ọkọ rẹ̀ yóò fi la ẹnu sọ ọ́, iwájú yìí ni n ó máa jókòó, kó máa rí mi.